Apẹ̀rẹ̀ Mẹ́sàn-án Nínú Oko Kòkó Ìdílé

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni Akínlolú gbà lọ́wọ́ Bàbá Adéṣínà lọ́dún 2005, nígbà tí wọ́n fẹ́ sin bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Oko kòkó ìdílé ló fi dógò. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé owó dógò kì í lé èlé: èso orí igi ni èlé rẹ̀. Bàbá Adéṣínà yóò máa ká kòkó náà, yóò máa tà á, yóò máa náwó rẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba wá fún un láì dín kọ́bọ̀. Ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ ogójì ọdún. Dógò kì í gbó, kì í sì í jẹrà.

Kìtán, àbúrò Akínlolú, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé. Àkúrẹ́ ló ti wá, níbi tó ti ń ṣe tíṣà eré ìdárayá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fọkàn balẹ̀, àwọn yóò jọ dá owó náà, àwọn yóò sì gba oko padà. Wọn kò dá a. Ẹnì kan ní ọmọ tó ń wọ yunifásítì, ẹnì kejì ní ilé tí kò tíì kọ́ tán, ọ̀rọ̀ oko sì di ohun tí wọn kì í mẹ́nu bà níbi ìpàdé ìdílé.

Ọmọ Oǹdó ni Kìtán, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré sísá, fífò àti jíju ọ̀kọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n gbé e kiri. Ní mẹ́rin nínú wọn, wọ́n ti kọ́ kíláàsì sórí pápá kó tó débẹ̀. Níbi tí kò sí pápá ló ti ń kọ́ni ní eré pápá, tó ń fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́tò, tó ń fi fèrè lé ewúrẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìntì lọ́dún 2019, wọ́n fún un ní aago ara ògiri àti àdúrà. Ó tó ọdún méjì kí ìjọba tó san díẹ̀ nínú owó rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n san án yẹn ni Akínkúnmi, ọmọ kan tó ti kọ́ rí, ti Amẹ́ríkà wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ó mú àwo rọ́bà mẹ́ta wá fún tíṣà rẹ̀. Wọn kì í ṣe àwo oúnjẹ. Ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò kékeré, etí rẹ̀ mú díẹ̀, bí wọ́n bá sì jù ú dáadáa, á fò lọ bí ẹyẹ. Akínkúnmi ní irú gọ́ọ̀fù kan ni, àmọ́ kò sí igi gígùn, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ihò. Apẹ̀rẹ̀ irin lórí òpó ni wọ́n ń ju àwo náà sí. Ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ yí òpó náà ká ló ń gba àwo mú kó tó já sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iye jíjù rẹ̀ bá kéré jù láti apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn ló jẹ.

Kìtán kò bèèrè ju ohun kan lọ. "Ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó gbọ́dọ̀ tẹ́?"

"Rárá o, sà. Bí igi bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ló ṣe ń dùn tó. Àárín igi ni wọ́n ń jù ú gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó, ó ṣírò. Pápá bọ́ọ̀lù kan á gba katakata tó máa tẹ́ ilẹ̀, á gba koríko, á gba omi tí wọ́n máa bu sí koríko, mílíọ̀nù mẹ́jọ kò sì ní tó o. Èyí kò gba nǹkan kan. Wẹ́dà kan lọ́nà Ọ̀dà ní òun á rọ apẹ̀rẹ̀ kan ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà; mẹ́sàn-án jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ àdá, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún. Mọ́tò àti sìmẹ́ǹtì ìdí òpó, márùndínláàádọ́ta. Akínkúnmi ṣèlérí ọgbọ̀n àwo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òjìlénírínwó ẹgbẹ̀rún náírà. Ọkùnrin tí kò ní pápá fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rí i pé òun lè fi owó tó wà lọ́wọ́ òun gan-an ní ọ̀kan.

Ilẹ̀ ló kù. Oko bàbá wọn wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, ìrìn ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kadà. Owó kòkó ti wálẹ̀ nígbà náà, àìsàn tó ń sọ èso di dúdú ti wọ àwọn igi, Bàbá Adéṣínà sì ti kú láti ọdún 2016. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ká èso kan níbẹ̀. Kìtán lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lo oko yẹn."

"Oko wo? Igbó yẹn? Ejò ló ni ín báyìí."

"Ọ̀rọ̀ Bàbá Adéṣínà ńkọ́?"

"Bàbá Adéṣínà wà lábẹ́ ilẹ̀. Ta ló ń ká kòkó mọ́? Lọ máa ṣeré ẹ. Sáà má jẹ̀ẹ́ kí ejò bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Kìtán dúpẹ́, ó lọ. Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Ó yẹ kó mú obì àti ọtí dání lọ sí ilé Adéṣínà, kó sọ fún àwọn ọmọ olóògbé pé òun fẹ́ wọ oko tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Oǹdó tó ti gbé àdá rí mọ èyí, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó rò pé dógò tí ẹnikẹ́ni kò jẹ mọ́ ti kú pẹ̀lú ẹni tó gbà á. Ó kó òṣìṣẹ́ wọ oko, wọ́n sì gé ọgbọ̀n igi kòkó láti la ọ̀nà fún àwo.

Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó bá sọ pé pápá náà kò dára, irọ́ ló pa. Ọmọdé ń san ọgọ́rùn-ún náírà, àgbà ń san ọ̀ọ́dúnrún. Ní gbogbo Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ará Ọ̀wọ̀, ará Òkìtìpupa tó fi Àkúrẹ́ ṣelé, á wọ mọ́tò wá. Ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kó sáré mọ́ lè ju àwo. Ọkùnrin kan tí apá òsì rẹ̀ ti rọ láti ìgbà àìsàn kan ń fi ọ̀tún na gbogbo wọn. Oòrùn kì í pa ẹnikẹ́ni, nítorí ìbòòji kòkó tutù bí inú ilé. Òjò kì í ba nǹkan kan jẹ́. Bí àwo bá wọ inú ẹ̀wọ̀n, á dún ṣaworo, ẹni ọgọ́ta ọdún tó jù ú á sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré.

Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé wọn wọlé kò yé fi Kìtán ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà, ṣé ìyàwó yín mọ̀ pé àwo ilé lẹ ń kó wá jù nù síbí?"

"Ó mọ̀. Òun ló ní ó ti sú òun láti máa fọ̀ wọ́n."

Ṣùgbọ́n ohun tó dára náà ní owó tirẹ̀. Ewé kòkó gbígbẹ máa ń bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, àwo tó bá sì kó sábẹ́ rẹ̀ ti di ti ilẹ̀. Àwo tí Kìtán ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún nígbà tí dọ́là gun òkè. Ẹni tó san ọ̀ọ́dúnrún náírà wọlé á fi jíjù ẹyọ kan sọ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún nù, á sì yíjú padà pé, "Bàbá, ṣé kò sí òmíràn?" Àwọn tó ń jí irin tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin tú ẹ̀wọ̀n apẹ̀rẹ̀ kẹfà lọ. Kìtán fi okùn dípò rẹ̀. Okùn kì í dún, kì í sì í gba àwo mú. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wá mọ́. Ní ọdún kẹta, owó tó wọlé jẹ́ irínwó ẹgbẹ̀rún ó lé méjìlá. Èyí tó jáde jẹ́ irínwó ó lé mẹ́tàdínlógójì. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà ló fi ń ra ẹ̀rín àwọn àgbàlagbà lọ́dún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Nígbà náà ni Yọ̀mí dé. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá wá nínú oṣù Kẹta ọdún 2024. Wọ́n ṣeré títí ọ̀sán fi pọ́n. Kí ó tó lọ, ó fa Kìtán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sà, ilé ẹ̀kọ́ wa lè máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà lọ́dọọdún, ọdún mẹ́ta. Á di pápá tí a ti ń dánra wò, a ó sì máa pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wá bá wa díje níbí."

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Ìwé kan ṣoṣo la máa gbà lọ́wọ́ yín. Kí olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò ní lé wa. Kí oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ tó tán."

"Ilẹ̀ bàbá mi ni."

"Mo gbọ́, sà. Ìwé ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ mi."

Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà nìyẹn lọ́dún mẹ́ta. Kìtán ṣírò rẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Owó náà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó dùn jù ú lọ: ilé ẹ̀kọ́ odindi yóò máa ṣeré lórí pápá tí òun fi ọwọ́ ara òun là. Ó fẹ́ èyí ju ohunkóhun tó ti fẹ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì.

Ọdún yẹn gan-an ni kòkó ya wèrè. Kílò kan tí wọ́n ń rà ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ di ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà oko bàbá wọn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdá.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, ẹni mẹ́fà ń ṣeré nídìí apẹ̀rẹ̀ kẹrin nígbà tí àwo kan gbá èso kòkó já, tí èso náà sì fọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan jáde láti àárín igi pẹ̀lú lébìrà méjì, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Wúràọlá ni, àbígbẹ̀yìn Bàbá Adéṣínà, opó tó ń ránṣọ ní Oǹdó, tó sì ń dá tọ́ Ayọ̀mídé àti àbúrò rẹ̀ méjì.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, Ìyá Ayọ̀mídé. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

"Dáadáa ni. Ẹyọ kan nìyí. Mélòó ló ti já bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta?"

"Kòkó kò tó nǹkan nígbà yẹn."

"Ó ti tó nǹkan báyìí." Ó yọ ìwé kan jáde nínú ọ̀rá. Ìka Akínlolú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tádàwà rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá mi kú láì gba owó rẹ̀. A dákẹ́ fún yín, torí kò sí nǹkan tí a fẹ́ ká. Àmọ́ ẹ tún wá ń gé igi."

Ó rìn láti apẹ̀rẹ̀ kan dé òmíràn, lébìrà kan ń fi àdá sàmì sí kùkùté. Àwọn tó ń ṣeré dúró, àwo wọn lọ́wọ́, bí àlejò tó dé ilé tí wọ́n ti ń jà.

"Ọgbọ̀n," ni Wúràọlá wí.

"Àwọn tó ti gbó ni mo gé."

"Bàbá mi náà gbó, Tíṣà. Ẹnikẹ́ni kò torí ẹ̀ gé e."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí pálọ̀ Akínlolú. Wúràọlá bèèrè ogún ẹgbẹ̀rún lórí igi kan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgbọ̀n igi jẹ́ irínwó ẹgbẹ̀rún ó lé àádọ́ta. Fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dógò kún un, ó di àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba oko padà nígbà tí èso wà lórí igi. Wúràọlá ní láti ká tọdún yìí tán ná, títí di ìparí oṣù Kìíní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ju àwo níbẹ̀ kó tó ká a tán. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó rẹ́ òun jẹ.

Kìtán wo bí wọ́n ṣe di àpò kòkó mẹ́rin ààbọ̀ sínú mọ́tò. Ó ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí oko bá ti padà, kí ẹ̀gbọ́n máa ká kòkó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kí òun máa fi Sátidé ṣeré. Akínlolú mi orí bí ẹni tó gbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń fọ́, òrùlé ìhà kan ilé rẹ̀ sì ti ń jò láti ìgbà òjò.

Ìyàwó Kìtán, Adéjọkẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́, ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló lè yá èèyàn ní irú owó bẹ́ẹ̀.

"Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé nígbà tí wọ́n bá dá a padà?" ó bèèrè.

"Ti ìdílé ni."

"Ṣé ìdílé ni yóò máa san ti kọpurétíìfù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Jọkẹ́. Ṣé kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ka fún mi?"

"Ó tẹ̀ka fún Bàbá Adéṣínà."

Kìtán bínú sí i fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta obìnrin náà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, nítorí ó ti rí ojú ọkọ rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ tí kò ti ju àwo. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin náírà ni wọ́n máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀, oṣù mẹ́wàá gbáko.

Ọwọ́ tó fi oko dógò ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ gbà á padà. Nítorí náà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 2025, Kìtán gbé owó náà fún Akínlolú nínú yàrá, nínú ọ̀rá dúdú. Akínlolú fi ìka kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ríran tó. Ó wá jáde sí pálọ̀, níbi tí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó sí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé Wúràọlá lọ́wọ́. Wúràọlá kà á, ó dá ìwé padà. Wọ́n kí Akínlolú kú àṣeyọrí. Wọ́n ní ó ti gba ogún bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dára. Kìtán jókòó sídìí ilẹ̀kùn, ó ń ṣàmín pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹnikẹ́ni kò dá orúkọ rẹ̀, ojú sì tì í láti dá a fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Kìtán fa ìwé tí Yọ̀mí ní kí olórí ìdílé fọwọ́ sí jáde.

"Fi í sílẹ̀," ni Akínlolú wí. "Ojú mi kò gba lẹ́tà wínníwínní. Màá ní kí wọ́n kà á fún mi."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Kìtán pè é lórí fóònù. Wọn kò tíì kà á. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ẹni tó fẹ́ kà á lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Yọ̀mí náà ń pe Kìtán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Kìtán kó ara rẹ̀ lọ sí oko láti lọ gbá ewé kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀, ó sì bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Bísọ́dún ni wọ́n ń pè é, ó ń ra kòkó kiri agbègbè náà.

"Ẹ̀yin ni Tíṣà? Mo ń retí yín. Ẹ bá mi yọ àwọn irin yìí. Mo fẹ́ gbin ọ̀gbìn tuntun sí gbogbo àlàfo yìí."

"Àlàfo wo?"

"Ọ̀nà tí ẹ là. Ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ àdá, ẹ ṣé. Bàbá ti fi oko dógò fún mi ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Wọn kò sọ fún yín ni?"

Kìtán jáde sójú ọ̀nà. Ó wọ ọ̀kadà lọ sí Oǹdó. Páánù tuntun wà lára ògiri Akínlolú, wọ́n tò ó ga dé èjìká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọ́ rédíò.

"Ẹ̀gbọ́n, owó mi ló gba oko yẹn sílẹ̀."

"Owó ẹ ni. Mi ò jiyàn."

"Ẹ sì tún fi dógò."

"Wẹ́dìnẹ́sì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi l'Àkúrẹ́. Ṣé kí n fi àwo rọ́bà san án fún dókítà?"

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kí o bẹ̀ mí." Akínlolú pa rédíò. "Gbọ́, Kìtán. Oko ìdílé kì í di ti ẹni tó san gbèsè orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Ọdún mẹ́ta lo fi gba owó ìwọlé níbẹ̀. Mélòó lo mú wá sílé yìí?"

Kìtán ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Kò mú iṣu ẹyọ kan wá. Gbogbo ohun tó wọlé ló ti fi ra àwo.

"Ẹ dá àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún mi padà nínú rẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Ìyàwó mi ló ń san án."

"Ojú gba mílíọ̀nù kan. Páánù àti igi òrùlé gba méjì. Ìyókù, mo fi dí ihò tó ti wà tipẹ́. Ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ àbúrò rẹ̀ ní gbèsè."

"Gbèsè wo ló wá jẹ ẹ́?"

"Àdúrà. Mo sì ń san án lójoojúmọ́."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ bàbá kan pe ọmọ bàbá kan lẹ́jọ́ lórí eré?

Yọ̀mí kò bínú. Ó ní oṣù Kejì ti tán, àwọn ọ̀gá òun ti ní kí àwọn ri apẹ̀rẹ̀ mọ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn. Ó bèèrè bóyá Kìtán á ta tirẹ̀. Wẹ́dà ọ̀nà Ọ̀dà ti ń gba ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún lórí ẹyọ kan báyìí. Yọ̀mí ní márùndínláàádọ́ta lowó tó wà lọ́wọ́ àwọn. Kìtán mọ iye tó yẹ kó gbà, ṣùgbọ́n Bísọ́dún ti fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, irin tó bá sì sùn nínú oko láì ní olówó, àwọn tó ń jí irin ló ni ín. Mẹ́jọ ló tà. Wọn kò gba ti okùn yẹn. Òjìdínnírínwó ẹgbẹ̀rún náírà ló wọlé, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún Adéjọkẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kù àádọ́rùn-ún-lé-nígba ẹgbẹ̀rún, owó oṣù obìnrin náà ló sì gbé e.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kó apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò ńlá kan. Wọ́n jẹ́ ọmọ rere, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n ní kí ó máa bọ̀ wá wo àwọn. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kò sí igi kan níbẹ̀, àwo ń fò láti òpó dé òpó láìsí ohun tó ń dí i lọ́nà. Ọmọbìnrin kan bi í bóyá òun jù ú dáadáa. Ó ní ó jù ú dáadáa. Oòrùn mú un, ó padà sílé.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n pè é sí ìpàdé ìdílé ní Oǹdó. Òrùlé tuntun ń dán. Akínlolú rí i láti òkèèrè, ó pe orúkọ rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"O ti rù," ó wí. "Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn ńkọ́?"

"Owó kòkó ti já wálẹ̀, ṣé o ò gbọ́ ni? Bísọ́dún fúnra ẹ̀ ń sunkún." Ó ní kí wọ́n bu omi fún àbúrò òun.

Kìtán mu omi náà tán, ó jókòó títí ìpàdé fi parí, ó san ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà fún mọ́tò padà sí Àkúrẹ́. Àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà wà lọ́rùn Akínlolú títí di òní. Kò sí ìwé lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kan tó fi dógò.